Ọjọ́ Tí Kíláàsì Karùn-ún Lọ Wọn Odò

“Odò yẹn? Èmi yìí ti mu ún gbẹ rí!”

Báyìí ni Kòsírúẹ̀ ṣe la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láàárọ̀ kùtù, búrẹ́dì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, tíì gbígbóná ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó ní ọmọ kékeré ni òun nígbà náà. Ó ní ẹja kan ló yọ ṣùtì sí òun láti inú omi, inú wá bí òun, òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí etí odò, òun fi ẹnu kan omi, òun sì fà á títí tí àwọn ẹja fi ń fi ìrù rìn lórí iyanrìn, tí wọ́n ń bẹ òun pé, “Bọ̀dá, ẹ forí jìn wá, ẹnì kan ló ṣẹ̀ yín, ẹ má torí ẹnì kan pa gbogbo ẹbí.” Àánú wọn ló ṣe òun tí òun fi tọ omi náà padà.

“Ẹ ò rí i pé odò ọ̀hún pọ́n títí dòní? Ẹ̀yin náà ti wá mọ ohun tó fà á.”

Oníbèérè, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní kíláàsì karùn-ún, rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú rẹ̀ jáde. Ìnagijẹ ni Oníbèérè. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìbéèrè ló fi ń jẹun, ìbéèrè ló fi ń sùn. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Kòsírúẹ̀ lọ́mọ, jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń bó ẹyin sísè.

“Ká ní wọ́n ń ra irọ́ ni,” ni Ìyá àgbà wí, “ilé alájà mẹ́wàá là bá máa gbé báyìí. Àjà kẹwàá ni ǹ bá sì máa sùn sí, kí n má baà gbọ́ ohùn ẹ.”

Alágbàfọ̀, ìyàwó Kòsírúẹ̀, dojú kọ áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀. Aṣọ àwọn ará àdúgbò ló máa ń fọ̀ tó sì máa ń lọ̀ fún wọn. Ní àárọ̀ yìí, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Apá aṣọ kan ṣoṣo ló ń lọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jí, bí ẹni pé wàhálà kan wà nínú rẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù lè tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Òní ni kíláàsì Oníbèérè ń lọ sí odò fún ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. Tíṣà ní àwọn ọmọ á wọn fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n á sì wo bó ṣe ń yára ṣàn sí. Ó wá béèrè ní kíláàsì pé òbí ta ló mọ odò náà dáadáa tó lè mú àwọn lọ. Ọmọ ta ló nawọ́? Ọmọ ẹni tó mu odò gbẹ ni. Tíṣà kọ̀wé pe Kòsírúẹ̀, Kòsírúẹ̀ sì gbà kí Tíṣà tó pè é tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Alágbàfọ̀ mọ̀, kó má di pé ẹ̀ ń wojú mi. Iṣẹ́ ìdọ̀tí kíkó ni Kòsírúẹ̀ ń ṣe. Ọkọ̀ akólẹ̀ ìjọba ti kú tipẹ́; òkú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì káńsù, ewúrẹ́ ti bímọ, bí ọmọ-ọmọ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ kú, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ kíkó ò kú o! Oṣooṣù ni wọ́n ń wá gbà á pẹ̀lú ojú pípọ́n. Nítorí náà ni àwọn ará àdúgbò ṣe ń kó ìdọ̀tí wọn fún Kòsírúẹ̀ kó fi ọmọlanke tì í lọ sí ààtàn ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ààtàn ọ̀hún jìn bí ọ̀run, àwọn tó wà lẹ́nu géètì rẹ̀ sì ń gba ju ìdajì ohun tí èèyàn bá rí lọ. Kòsírúẹ̀ gbìyànjú. Ó lọ, ó bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tó yá, ó rí i pé odò wà nísàlẹ̀ òkè níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì sí géètì lẹ́nu odò.

Alágbàfọ̀ ló ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń purọ́ ẹrẹ̀ fún. Ó mọ̀. Kò wí nǹkan kan, nítorí pé láti ìgbà náà ni ẹyin ti ń wà lórí búrẹ́dì.

Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, áyọ́ọ̀nù ní ọwọ́ kejì.

“Bàbá Oníbèérè, ẹ sọ fún Tíṣà pé ara yín ò yá.”

“Ara èmi? Àìsàn tó bá rí mi lọ́nà, ṣe ló máa ń yà sí ilé onílé!”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n máa rí i.”

“Kí ni wọ́n máa rí? Odò gùn. Ọwọ́ òkè ni mo máa mú wọn lọ, níbi tí omi ti mọ́ lóló bí ojú ọmọ tuntun.”

“Ṣé ẹ ti dé ọwọ́ òkè rí?”

Kòsírúẹ̀ wo sánmà. Ó wo adìyẹ aládùúgbò tó ń kọjá lọ, ó sì kí i.

“Mo bi yín ní ọ̀rọ̀.”

“Odò kì í kún kó bo ẹja lójú,” ló dáhùn. “Èmi gan-an ni ẹja yẹn.”

Ìgbà yẹn ni “ẹ” fi ẹnu Alágbàfọ̀ sílẹ̀ tí “o” sì wọlé. “Gbọ́ mi! Tí àwọn èèyàn bá mọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé àpò kan fún ẹ mọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Ọmọ yìí, kí ló máa fi wojú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ lórin ní kíláàsì ni?”

Kòsírúẹ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ohùn yẹn kì í sábà rẹlẹ̀; ó ṣọ̀wọ́n bí ìgbà tí òṣùpá bá bọ́ sínú ìkòkò.

“Ó ti sọ fún gbogbo wọn pé bàbá òun ló ni odò,” ló wí. “Tí mi ò bá lọ ńkọ́?”

Alágbàfọ̀ da eérú inú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ nù. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó sì dà á padà sí i lójú. Ìyá àgbà ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn, ẹyin lọ́wọ́.

“Ẹni tó da eérú...” ni ìyá wí. Kò parí rẹ̀. Ó ju ẹyin sẹ́nu.

Alágbàfọ̀ bọ́ ìró iṣẹ́, ó ró èyí tó mọ́. Aṣọ oníbàárà wà nínú omi ọṣẹ, ó fi wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n máa wẹ̀. Ilé-ìwé ti ní àwọn ń fẹ́ ìyá méjì tó máa bá àwọn ṣọ́ ọmọ lọ́nà. Aránṣọ tó ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ odò ti fa ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ọ̀kan. Ó ku ọ̀kan.

*

Nígbà tí wọ́n tò jáde ní géètì ilé-ìwé, ẹ̀yin èèyàn mi, àfi bí ìgbà tí ọba ń lọ gba ìlú. Kòsírúẹ̀ wà níwájú nínú bàtà tó fi gbéyàwó. Tíṣà tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn gígùn tí wọ́n so kókó-kókó fún wíwọn, igi tí wọ́n fa ìlà sí lára, àti àpò ọsàn. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ní méjì-méjì, gbogbo wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù àwọ̀ ewé kan náà.

“Kòsírúẹ̀!” ni fọganáísà ké láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “O ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi! Ó dùn wọ́n lẹ́yìn débi pé mo ní kí wọ́n máa jókòó kí mi.”

Ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ; ẹnu Kòsírúẹ̀ lè pa ẹyẹ, pa ìtẹ́, pa igi tí ìtẹ́ wà lórí rẹ̀.

Aránṣọ rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alágbàfọ̀. Obìnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Nígbà òjò tó kọjá, odò kún wọ àwọn ilé ìsàlẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀ dé àyà, máṣíìnì rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Gbèsè ló fi ra òmíràn.

“Òjò ń bọ̀ o, Ìyàwó,” ló wí. “Mo ti gbé máṣíìnì sórí tábìlì, mo gbé tábìlì sórí bíríkì. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, orí òrùlé ni n ó ti máa ránṣọ. Oníbàárà tó bá fẹ́ wọn ìbàdí, kó gun àkàbà.”

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú.

“Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe odò yẹn,” ni Aránṣọ ń bá a lọ. “Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí, kì í kún bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ ẹ ṣá. Òun ló bá mi gbọ́n omi jáde láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ẹ̀ pọ̀ o, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ dáa.”

“Ẹ ṣeun, mà,” ni Alágbàfọ̀ wí.

Nígbà tí wọ́n dé oríta, Kòsírúẹ̀ yà sọ́wọ́ òkè. Ó ń ju apá bí ọ̀gágun. Ó mú wọn gba àárín ilé àwọn èèyàn, ó mú wọn gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, ó mú wọn wọ oko àgbàdo ẹnì kan, ajá olóko lé wọn jáde. Ó tún mú wọn gba ẹ̀yìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, wọ́n jáde síbi ògiri kan. Wọ́n padà. Wọ́n tún bá ògiri náà pàdé lọ́nà mìíràn.

“Bàbá,” ni Oníbèérè wí, “ṣé ibí ni ọ̀nà odò ni?”

“Ibí ni. Ó ti sún ni.”

“Odò sún?”

“Ó gbọ́ pé mò ń bọ̀! Ṣé o rò pé ó ti gbàgbé ọjọ́ tí mo mu ún gbẹ? Ó ti lọ sá pamọ́.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó nu òógùn, ó ní kí àwọn ọmọ wo ilẹ̀. “Kí ni mo kọ́ yín nípa ọ̀nà? Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ déédéé, ibì kan pàtàkì ló ń lọ. Ta ló rí ọ̀kan?”

Ọmọ kan ní, “Sà! Ojú táyà rèé!”

Lóòótọ́, ojú táyà ni. Ó là gbọọrọ gba inú koríko lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Apá kan rẹ̀ fẹ̀ ju èkejì lọ, ọmọlanke kan ṣoṣo, ti Kòsírúẹ̀, ló sì ní irú táyà bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Alágbàfọ̀ wo ilẹ̀. Kòsírúẹ̀ náà wo ilẹ̀.

“Èyí ò lọ ibì kankan,” ni Kòsírúẹ̀ wí kíákíá. “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kò lọ ibì kankan.”

“Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n dáadáa, sà,” ni Tíṣà wí, “a jẹ́ pé ẹnì kan ti ń rìn ín.” Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

“Yéè!” ni Alágbàfọ̀ ké, ó sì jókòó pẹ̀ẹ́. “Ẹsẹ̀ mi! Ẹsẹ̀ mi ti rọ́!”

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ bí ẹni tó ń fún omi kúrò lára bùláńkẹ́ẹ̀tì. “Níbo? Ibí? Kò mà wú! Ẹsẹ̀ kejì ni?”

“Ẹ jókòó síbí, mà,” ni Tíṣà wí. “Ká lọ kí á bọ̀. A ò ní pẹ́.”

Ẹsẹ̀ náà san lójú ẹsẹ̀. Alágbàfọ̀ dìde, ó sì ṣáájú Aránṣọ dé ìsàlẹ̀.

*

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí létí odò dára. Kò mọ́ lóló, ṣùgbọ́n omi ni. Àyà Alágbàfọ̀ rọ̀ díẹ̀. Ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà ṣì wà níwájú, igbó dídí sì bò ó lójú. Kòsírúẹ̀ na apá méjèèjì.

“A ti dé! Ibí yìí nìkan ni odò wà. Yàtọ̀ sí ibí, kò tún sí odò mọ́.”

Wọ́n ta okùn, wọ́n wọn fífẹ̀ odò. Wọ́n ti igi ìwọ̀n bọ omi, wọ́n wọn jíjìn rẹ̀. Oníbèérè béèrè pé kí ló dé tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ fi dúdú. Tíṣà ní ìbéèrè tó dáa ni, ó sì tú àpò ọsàn.

“Ó yá, ẹ gbọ́. A máa ju ọsàn yìí sómi. Omi á gbé e lọ. A ó máa sáré tẹ̀ lé e létí odò títí dé iwájú, títí dé kọ́nà yẹn, ká lè mọ bí omi ṣe ń yára tó.”

“Ọsàn wo?” ni Kòsírúẹ̀ wí. Kí Tíṣà tó dáhùn, ó ti bó ọ̀kan, ó ti ju ìdajì sẹ́nu. “Ọsàn tó dùn báyìí lẹ fẹ́ fún odò? Ẹ pín in fún àwọn ọmọ, ebi ń pa wọ́n!” Ó na ọwọ́ mú òmíràn.

“Bàbá Oníbèérè, sà! Ẹ̀kọ́ lẹ ń jẹ yẹn!”

Àwọn ọmọ yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Oníbèérè náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń wojú bàbá rẹ̀, nítorí pé omi ọsàn ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n, kò sì nù ún.

Tíṣà ju mẹ́ta sómi nínú ọsàn tó kù.

Wọ́n sáré. Gbogbo kíláàsì, bàtà ń já, wọ́n ń pariwo fún ọsàn bí ẹni pé ẹṣin ni. Ọsàn lọ. Lẹ́yìn náà, ó rọra. Lẹ́yìn náà, ó wá ń yí lójú kan bí arúgbó tó gbàgbé ohun tó wá ṣe lọ́jà. Wọ́n yà ní kọ́nà, ọsàn sì dúró.

Odò náà dúró.

Àpò ni. Àpò lórí àpò, láti etí odò kan dé èkejì, òkè àpò tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lé e lórí, á gbà á, á sì ku àyè fún pápá ìṣeré. Eṣinṣin ibẹ̀ sanra bí ẹyẹlé. Omi ò rí ọ̀nà kọjá, ó ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń na ahọ́n rẹ̀ síhà àwọn ilé ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí fèrèsé yàrá Aránṣọ.

Àwọn ọmọ fi ọwọ́ bo imú.

“Kí ló dí omi?” ni Tíṣà béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ìdọ̀tí ni, sà.”

“Ta ló kó o síbẹ̀?”

Gbogbo àpò náà, rọ́bà pupa tí wọ́n gé lára túúbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi so wọ́n lẹ́nu, kókó kan tó ní etí méjì bí ehoro. Kò sí ẹlòmíràn tó ń so àpò bẹ́ẹ̀. Kòsírúẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ Oníbèérè ní kókó náà, ọjọ́ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Oníbèérè rí i. Ojú rẹ̀ tàn, bí ojú ọmọ tó mọ ìdáhùn ṣe máa ń tàn. Ó nawọ́ sókè gangan.

“Èmi, sà! Èmi mọ̀ ọ́n!”

“Oníbèérè!” ni ìyá rẹ̀ wí. Kò pariwo.

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó wo àpò. Ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró pẹ̀lú èèpo ọsàn lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó dé èjìká, ó dé ìgbáròkó, ó wọ inú àpò yúnífọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó mọ ìdáhùn tí kò sọ ọ́.

“Jẹ́ kó sọ ọ́ kẹ̀,” ni Aránṣọ wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ìró dé orúnkún, ó wọ inú ẹrẹ̀ náà lọ, ó sì di àpò kan mú. Ó fà á. Ó tú kókó ehoro náà. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí koríko.

Àjákù aṣọ ni. Gígé-gígé, wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àwọ̀ ewé. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló rán yúnífọ́ọ̀mù gbogbo kíláàsì náà. Àwọn ọmọ wo ilẹ̀, wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn, wọ́n tún wo ilẹ̀.

“Olè ni!” ni Kòsírúẹ̀ bẹ́ sọ̀rọ̀. “Wọ́n dá mi lọ́nà! Ogójì ọkùnrin! Àádọ́ta! Wọ́n gba ọmọlanke lọ́wọ́ mi, mo fi orí kan ọgbọ̀n nínú wọn mọ́lẹ̀, àwọn tó kù ló...”

“Máṣíìnì mi, Kòsírúẹ̀,” ni Aránṣọ wí.

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

Kòsírúẹ̀ ya ẹnu. Gbogbo wọn dúró de irọ́ tó kàn, àní Alágbàfọ̀ pàápàá, ó fẹ́ kó wá, ó fẹ́ kó tóbi, kó gbé gbogbo wọn kúrò níbẹ̀. Irọ́ ò wá.

“Bàbá,” ni Oníbèérè wí, “ẹ̀yin ni?”

Kòsírúẹ̀ sọ èèpo ọsàn sílẹ̀. Ó ṣẹ́jú. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Eré tó sá, bí wọ́n bá yìnbọn tẹ̀ lé e, ọta á padà wá sọ pé ó ti rẹ òun. Bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ kan há sínú ẹrẹ̀, kò dúró yọ ọ́.

“Mò ń lọ gbé katakata wá!” ló ń ké bó ṣe ń lọ. “Katakata mẹ́wàá! Mo mọ ọ̀gá wọn! Ẹ dúró níbẹ̀, mò ń bọ̀!”

Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ojú Oníbèérè, wọ́n dákẹ́.

Aránṣọ jáde kúrò nínú ẹrẹ̀. Ó dúró níwájú Alágbàfọ̀, omi dúdú ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ìyàwó,” ló wí jẹ́jẹ́, “ìwọ náà mọ̀?”

Alágbàfọ̀ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ojú rẹ̀ wà lára bàtà ìgbéyàwó tó há sínú ẹrẹ̀.

“Ogún katakata!” ni ohùn Kòsírúẹ̀ tún dún láti ọ̀nà jíjìn. Ibi tó kọrí sí, igbó ni. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀, ká má tiẹ̀ wá sọ katakata.